Orúnkún Mi àti Ojú Ẹ̀rọ

Ní àdúgbò wa ní Agége, òórùn bisikíìtì ló máa ń jí wa láàárọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà Ìkẹjà, níbi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí, a ó mọ̀ pé wọ́n ti tan iná ààrò, ọjọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi kì í sọ ohunkóhun nípa òórùn náà. Wọ́n á kàn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á wá máa bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ.

Ní ẹ̀kọ́ àròkọ, wọ́n kọ́ wa pé kí a sọ ìdí ọ̀rọ̀ kí a tó sọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ tèmi nìyí. Ìyá mi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì yẹn láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn wọn títí mo fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to bisikíìtì sínú páálí. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n máa ń jókòó sórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì gígùn kan, wọ́n á máa ṣiṣẹ́, wọ́n á sì máa tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, tí ó lè gbé bisikíìtì, tí ó lè fi ọ̀rá wé e, tí ó sì lè tò ó sínú páálí láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà, ó sì ní kí púpọ̀ nínú wọn máa lọ sílé. Ìyá mi wà lára wọn. Láti ìgbà náà, irun ni wọ́n ń dì fún àwọn ènìyàn ní iwájú ilé wa.

Èyí ló fà á tí mo fi fẹ́ wọ ẹnubodè ilé-iṣẹ́ náà ju bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe fẹ́ ẹ lọ. N kò fẹ́ gba ẹ̀san lára ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ní tí ìyá mi kò ní, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan wà tí èmi lè ní tí ẹ̀rọ kò ní.

Olùkọ́ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, obìnrin ni wọ́n. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde, wọ́n máa ń dúró ti àwa tí a bá fẹ́ kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé. Wọ́n ní ẹ̀rọ yóò máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí àwọn òbí wa fi ọwọ́ ṣe, nítorí náà, kí a tètè kọ́ èyí tí yóò ṣẹ́ kù fún ènìyàn. A rò pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa, ṣùgbọ́n wọn kò mú kọ̀ǹpútà kankan wá. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ́tí sí àlàyé dé òpin, bí a ṣe ń bèèrè ohun tí kò yé wa láìtijú, àti bí ẹni méjì tí wọn kò fẹ́ràn ara wọn ṣe lè jọ gbé tábìlì kan gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Èmi àti ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni wọ́n ní kí a gbé tábìlì ọjọ́ náà. A há sí ẹnu ọ̀nà, a sì bú ara wa dáadáa kí a tó rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Nígbà náà, n kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Mo dúpẹ́ pé olùkọ́ wa kò bá wa gbé e.

Ní sáà kejì ni wọ́n mú ìròyìn kan wá. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì náà ṣetán láti gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì nínú wa ní ìsinmi gígùn, kí wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Gbogbo wa yóò kọ́kọ́ lọ ṣe àbẹ̀wò, ọ̀gá tó ń bójú tó ibi ìdìpọ̀ yóò sì fúnra rẹ̀ mú àwọn méjì náà. Láti ọjọ́ náà, n kò ní àdúrà mìíràn.

Olùkọ́ wa ní ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá náà ń wá: ọmọ tó jẹ́ pé, bí ó bá rí i tí nǹkan ń bàjẹ́, yóò lè sọ ọ́ fún àgbàlagbà kíá. A rẹ́rìn-ín, nítorí a rò pé kò le. Wọ́n wá to tábìlì kíláàsì ní ìlà gígùn, wọ́n ní bẹ́líìtì ilé-iṣẹ́, èyí tó máa ń yí láti gbé bisikíìtì lọ, nìyẹn. A ń ti agolo wàrà òfìfo lórí rẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹnì kejì. Olùkọ́ wa fúnra wọn dúró ní ìkángun, wọ́n ń ṣe bí ọ̀gá. Wọ́n ní bí mo bá ti rí i tí agolo kan ṣubú, kí n wá sọ fún àwọn.

Agolo kan ṣubú. Mo rìn lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú ọ̀sán, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo sì kí wọn kú ìdúró. Wọ́n dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bá wọn sọ. Wọ́n ní kí n sọ ọ́. Mo ní kò sí wàhálà o, ṣùgbọ́n ó jọ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Kí n tó dé ibi tí mo ń lọ, àwọn agolo ẹ̀yìn ti gun orí èyí tó ṣubú, gbogbo wọn sì dà sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tí a jọ gbé tábìlì nawọ́ sí mi.

"Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ẹ dìde," ni ó wí. "Ilé-iṣẹ́ ti jóná."

Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́. Ẹni tó gbìyànjú lẹ́yìn mi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan ọmọkùnrin ẹlẹ́nu mímú náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, agolo sì dà lé e lẹ́yìn. Olùkọ́ wa kò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé ló dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í ṣàdéédé já ìròyìn burúkú lu àgbà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bẹ́líìtì kì í dúró kí a kíni tán. Wọ́n ní kí a lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wa bí ọmọ ṣe lè yára sọ̀rọ̀ láìdi aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Àgbà ilé tiwa ni ìyá tó bí ìyá mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá ń bá wa gbé, ọ̀rọ̀ ìkíni kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wọn. Mo dúró kí wọ́n kírun Làásárì tán kí n tó kó ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀. Wọ́n ń ká ẹní ìkírun wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n bi mí bóyá olùkọ́ wa ní ìyá. Mo ní wọ́n ní. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ní ìyá. Mo ní kò ní. Wọ́n ní ó ti yé àwọn.

"Ọmọ tó ń dúró gbagidi sọ̀rọ̀ sí àgbà, mi ò fẹ́ rí i nínú ilé yìí," ni Ìyá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹnu rẹ máa dúró de orúnkún rẹ? Bí orúnkún bá ti ń lọ sílẹ̀, kí ẹnu ti máa sọ tirẹ̀. Tí o bá ti sọ ọ́ tán, kí o wá máa kí mi títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Ìyá mi tí wọ́n ń dirun fún oníbàárà kan níta gbọ́ wa, wọ́n ní kí n máa fi dánra wò lójú ẹsẹ̀. Bí ilé wa ṣe di ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Bí mo bá rí i pé omi ń hó dà sórí iná, mo máa sáré wọlé, orúnkún mi á ti máa lọ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ pé omi ti ń dà, mà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ìkíni ń dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Mo kí omi kú ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ kan. Ìyá àgbà á ní kí n padà síta, kí n tún wọlé. Nígbà mìíràn, wọ́n á dìídì ṣí ìdérí ìkòkò sílẹ̀ kí n lè rí ohun tí mo máa wá sọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń rántí bí wọ́n ṣe jókòó ti ìkòkò náà, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣeré kí n lè yege. N kò mọ iye ọpẹ́ tó tó fún ìyẹn.

Ọjọ́ àbẹ̀wò pé. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn láti ilé-ẹ̀kọ́. A gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọjá, a sì dé ẹnubodè náà nígbà tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ń já àwọn ènìyàn sílẹ̀. Wọ́n fún wa ní aṣọ funfun àti nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń bo irun, wọ́n ní kí a fọ ọwọ́. Ìyá mi ti sọ fún mi pé tábìlì àwọn wà ní apá òsì, ní abẹ́ fèrèsé gíga kan. Mo wo apá òsì. Fèrèsé náà ṣì wà. Ẹ̀rọ ló wà ní abẹ́ rẹ̀.

Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́. Bisikíìtì ń bọ̀ lórí bẹ́líìtì bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń tò wọ kíláàsì. Apá irin kan ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbé wọn, ó ń gbé wọn sílẹ̀, kò sì fọ́ ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ dúró káàkiri, wọ́n ń wo nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ. Ọ̀gá náà jẹ́ bàbá kan tí irùngbọ̀n wọn ti ń funfun, ohùn wọn sì rọlẹ̀ débi pé a ní láti sún mọ́ wọn kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn nínú ariwo. Wọ́n fi ìlà aláwọ̀ yẹ́lò kan hàn wá nílẹ̀, wọ́n ní kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá rẹ̀. A ní a ti gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ náà, ojú mi sì wà lára bẹ́líìtì. Mo rí ọ̀rá bisikíìtì kan tó wọ́, tí etí rẹ̀ kan là sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e, òun náà là. Mo wo olùkọ́ wa, wọ́n ń gbọ́ àlàyé. Mo wo ọmọkùnrin ẹlẹ́nu mímú náà, ó ń gbọ́ àlàyé, ó la ẹnu sílẹ̀. Kò jọ pé ẹlòmíràn rí ohun tí mo rí. Mo sún mọ́ ọ̀gá náà, mo sì rí i dájú pé ẹsẹ̀ mi kò kọjá ìlà. Orúnkún ni n kò rò.

"Àwọn ọ̀rá tó ń kọjá lẹ́yìn yín yẹn ti là, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ó jáde gẹ́gẹ́ bí Ìyá àgbà ṣe fẹ́ ẹ, orúnkún mi sì ń lọ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Orúnkún náà balẹ̀ ní ìhà kejì ìlà yẹ́lò náà. Nǹkan kan ké pìì. Iná pupa tàn lókè. Apá irin náà dúró lófuurufú pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́, bẹ́líìtì dúró, gbogbo ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Láti ìgbà tí a ti wọlé, n kò tíì gbọ́ kí ilé-iṣẹ́ yẹn dákẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ yíjú sí wa láti gbogbo igun. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, n kò mọ̀ bóyá kí n dìde tàbí kí n dojú bolẹ̀ pátápátá. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti ba ìsinmi gígùn jẹ́ fún ara mi àti fún gbogbo kíláàsì. Ọmọkùnrin náà kò tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú.

Ọ̀gá náà fà mí dìde. Wọ́n wo orúnkún mi, wọ́n wo ìlà, ẹ̀rín wá ń pa wọ́n, ẹ̀rín náà kò sì tètè tán. Wọ́n fi ohun kékeré kan tó ń dán hàn wá lára òpó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Wọ́n ní ojú ẹ̀rọ nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí ń ti ibẹ̀ lọ sára òpó kejì, bí ohunkóhun bá sì ti dí i lọ́nà, ẹ̀rọ yóò dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó má baà ṣe ènìyàn léṣe. Ẹ̀rọ kò mọ ìkíni. Ó kàn mọ̀ pé ẹnì kan ti sún mọ́ òun jù.

Wọ́n tún mú mi lọ sí ìparí bẹ́líìtì, wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ kan hàn mí. Àwọn ọ̀rá tí mo rí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn mìíràn tó là bíi tiwọn. Ẹ̀rọ ti rí wọn, ó sì ti yọ wọ́n sọ́tọ̀ kí orúnkún mi tó kan ilẹ̀. Ìròyìn mi kò wúlò, ìkúnlẹ̀ mi sì ti dá iṣẹ́ dúró. Bàtà mi nìkan ni mo lè wò.

Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi kí n máa sọ ọ̀rọ̀ ṣáájú ìkíni. Mo ní olùkọ́ wa ni, àti ìyá mi àgbà. Wọ́n yíjú sí olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní àwọn àgbàlagbà tó ń bá àwọn ṣiṣẹ́ máa ń rí nǹkan, wọ́n á sì dákẹ́. Wọ́n á ní ọ̀gá ti mọ̀, tàbí kí wọ́n ní kò yẹ kó jẹ́ ẹnu àwọn ni yóò ti jáde. Wọ́n ní ohun tí wọ́n bá kọ́ ẹ̀rọ pé kó máa wò nìkan ló ń rí. Èyí tí wọn kò kọ́ ọ, ènìyàn ni yóò rí i, ènìyàn náà ni yóò sì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí mi.

"Tí o bá tún rí ohun tí kò yé ọ lọ́la, kí lo máa ṣe?"

"Màá sọ ọ́, sà."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ti rí i ṣáájú rẹ ńkọ́?"

"Màá ṣì sọ ọ́, sà."

"Orúnkún yẹn ńkọ́?"

"Ó máa dúró dè mí níta, sà."

Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin ẹlẹ́nu mímú náà tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ dákun, sà," ni ó wí, "ẹ bá wa so ó mọ́ ẹnubodè."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá náà jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀rọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yí i ká, wọ́n wò ó bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ìlà. Wọ́n pe òṣìṣẹ́ tó wà ní òdìkejì, obìnrin náà dáhùn pé kò sí ènìyàn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Mo rí i pé gbogbo agbára ẹ̀rọ ńlá yẹn ń dúró de kí ènìyàn kan pe ènìyàn kan, kí ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. N kò gbàgbé ìyẹn títí di òní.

Olùkọ́ wa kò sọ àwọn tí ọ̀gá náà mú títí di Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Kò sí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu mi ní ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí ọjọ́ pé, orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Èkejì ni ti ọmọkùnrin ẹlẹ́nu mímú náà, nítorí ọ̀gá náà ní ẹnu tí kì í sinmi wúlò níbi tí àwọn yòókù ti ń dákẹ́ jù. Ó wò mí, ó ní ó dà bí ẹni pé a tún fẹ́ jọ gbé tábìlì.

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ orúnkún náà nílé, torí n kò fẹ́ kí ìyá mi máa retí ohun tí kò dájú. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sọ gbogbo rẹ̀, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga oníbàárà wọn. Ọwọ́ wọn dúró nínú irun. Wọ́n ní kí n tún ibi tí ojú ẹ̀rọ náà wà sọ. Mo ní apá òsì ni, ní abẹ́ fèrèsé gíga. Wọ́n dákẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń dákẹ́ tí òórùn bisikíìtì bá dé.

"Ibi tí àpótí mi wà nìyẹn," ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn náà ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni.

"Ẹ̀rọ tó lé mi jáde," ni wọ́n sọ fún oníbàárà wọn, "orúnkún ọmọ mi ló dá a dúró."

Oníbàárà náà fẹ́ yíjú wò mí, wọ́n di orí rẹ̀ mú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó jókòó dirun níwájú ilé wa tí kò gbọ́ ìtàn yìí, ẹ̀rọ náà sì ń tóbi sí i lójoojúmọ́. Ilé-iṣẹ́ kò pe ìyá mi padà, n kò sì ní kọ ọ́ bí ẹni pé ó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí òórùn bisikíìtì bá dé láàárọ̀, wọ́n máa ń wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ìsinmi, ìyá mi fúnra wọn ló di irun mi mọ́lẹ̀ kí nẹ́ẹ̀tì lè bò ó, wọ́n sì bá mi rìn dé ẹnubodè. Wọ́n dúró síta títí mo fi wọlé. Ọ̀gá náà wà nídìí ẹ̀rọ. Mo dúró sẹ́yìn ìlà yẹ́lò, mo na ẹ̀yìn mi, mo sì kí wọn kú àárọ̀ lórí ìdúró. Ó rí lẹ́nu mi bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀.

Wọ́n wò mí. Wọ́n fi ohun tí wọ́n ń ṣe lé òṣìṣẹ́ kejì lọ́wọ́, wọ́n jáde kúrò nínú ìlà, wọ́n rìn kọjá mi lọ sí ibi tí a ti ń fọ ọwọ́, níbi tí ẹ̀rọ kankan kò ní ojú. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń retí. Ó yé mi. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo sì kí wọn títí ọkàn mi fi balẹ̀: ẹ káàárọ̀, sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ ṣé tí ẹ gbà mí. Wọ́n dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, a jọ padà sídìí ẹ̀rọ.